Máàsítà tí mo gbà lẹ́ni ọdún 54

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 2024, níbi ìkómọjáde kan ní Lanham, ní Maryland níbí, obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Wọ́n ní ẹ ti gba máàsítà. Ti nọ́ọ̀sì náà ni, àbí?" Mo ní rárá. "Ti àwọn tó ń ṣe alákòóso ọsibítù nìyẹn?" Mo tún ní rárá. Mo ṣàlàyé fún un pé Master of Liberal Arts ni wọ́n ń pè é, àti pé aró àti àdìrẹ Abẹ́òkúta ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé lórí. Ó wò mí títí, ó rẹ ohùn nílẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń báni dárò, ó ní, "Ṣé owó oṣù yín á wá lé sí i báyìí?"

Mo ní kò ní lé. Wọ́n gbé ìrẹsì dé, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ló bi mí. Òun náà ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi, ó ń san owó ilé, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ó mọ iye tí wákàtí kan jẹ́. Ohun tí ǹ bá sọ fún un lọ́jọ́ náà, ká ní àyè wà, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Àwa ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní Nàìjíríà. A wọ JSS1 ní 1982. Nígbà tó di 1985 a dé SS1, wọ́n sì pín wa: sáyẹ́ǹsì lápá kan, áàtì lápá kan, kọmáṣà lápá kan. Èsì ìdánwò mi dára. Mo gba A nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, mo gba A nínú Yorùbá àti iṣẹ́ ọnà. Olùkọ́ tó ń pín wa fi bírò pupa fàlà sábẹ́ méjì àkọ́kọ́, ó ní ọmọ tó bá mọ ìṣirò, áàtì kọ́ ni tirẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Láti ìgbà yẹn, mi ò jókòó ní kíláàsì ìtàn tàbí ti iṣẹ́ ọnà mọ́ títí mo fi di ẹni ọdún 49.

Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ tí mo bá jáde. Nọ́ọ̀sì ni mí láti 1992. Iṣẹ́ náà ló gbé wa dé Amẹ́ríkà ní 2001, òun ló tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n bírò pupa yẹn gé nǹkan kan kúrò lára mi, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tó gé.

Ìyá ìyá mi, aláró ni wọ́n, ní Kémta, ní Abẹ́òkúta. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbà. Lẹ́yìnkùlé wọn, ìkòkò méjì méjì ló máa ń gun ara wọn. Ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, eérú ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á da omi sí i, omi náà á máa sẹ́ sínú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá sẹ́ tán, Ìyá Àgbà á ti ìka kan bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á dijú. Bí kò bá tíì ta wọ́n lẹ́nu tó, wọ́n á ní ká dà á padà sórí eérú kó tún sẹ́. Bó bá ti tó, kìkì pé wọ́n á mirí ni. Ìgbà náà ni èlú, ewé aró, á wọ inú ìkòkò, èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti ṣù róbótó, tí wọ́n ti sá gbẹ. Wọ́n á bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Wọn kì í jẹ́ kí àwa ọmọdé pariwo nítòsí ìkòkò náà. Wọ́n á ní Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Aṣọ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, tútù yọ̀yọ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wa. Mo rí i lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò sú mi rí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí oyè yìí jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe tuntun. Wesleyan, ní Connecticut, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1953. Johns Hopkins, ní Baltimore níbí, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1962, Dartmouth ní 1970. Àgbàlagbà tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é, ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì sì sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í ní kó o mú ẹ̀ka kan ṣoṣo. O lè ka ìtàn ní sáà yìí, kó o ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní sáà tó tẹ̀ lé e, kó o tún ka sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà, tó bá yá kó o wá mú ìbéèrè kan tó jẹ́ tìrẹ, kó o fi gbogbo ohun tó o ti kà wá ìdí rẹ̀. Kọ́ọ̀sì mẹ́wàá ni tèmi, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ni mo ń mú lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń jẹ́ méjì lọ́dún. Mo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2019, mo sì parí ní oṣù Karùn-ún 2024.

Mẹ́tàlá ni wá ní kíláàsì àkọ́kọ́. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ owó orí. Ọmọbìnrin ọdún 26 kan jókòó tì mí, orúkọ mi gan-an ló fi pè mí, láìfi "Màámi" tàbí "Àǹtí" ṣíwájú, àyà mi já. Olùkọ́ wa ní ká pe òun náà lórúkọ. Títí tí mo fi jáde, mi ò lè ṣe é. "Dókítà" ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká kọ dá lórí Socrates, amòye Gíríìsì àtijọ́ tí wọ́n dájọ́ ikú fún, bí wọ́n ṣe ní kó sá kúrò lẹ́wọ̀n tó sì kọ̀. Mo kọ ojú ewé márùn-ún. Mo mọ̀ pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Nígbà tó padà sọ́wọ́ mi, ohun kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, tí olùkọ́ fi pẹ́ńsù kọ: "Ìwọ dà níbí?"

Inú ọkọ̀ ni mo ti kà á, níbi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù, ogún ìṣẹ́jú sí aago méje alẹ́ tí iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀. Mo bínú. Mo tún ìwé náà kà lábẹ́ iná ọkọ̀, mo sì rí ohun tó rí. Ọdún 27 ni mo ti fi ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn: Aláìsàn sọ pé òun ò ní ìrora. Ojú egbò mọ́. A ti fi tó dókítà létí. Wọ́n kọ́ wa pé "mo" kò gbọdọ̀ fara hàn níbẹ̀. Bí mo ṣe kọ ti Socrates nìyẹn, bí ẹni pé ó sùn sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Gbogbo ohun tó ṣe ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀.

Mo tún un kọ. Mo kọ nípa bàbá àgbàlagbà kan tí mo tọ́jú, tó ní òun ò ṣe ìfọ̀ kíndìnrín mọ́, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, òun fẹ́ lọ sílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ sunkún, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ pé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó ń ṣe agídí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo kọ pé mo bínú. Mo kọ pé Socrates ló jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ bàbá yẹn rò, pé ó lè jẹ́ pé ẹni tó mọ ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe kì í bá ikú jìjàdù bí àwa tó yí i ká. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa ń rò tẹ́ ẹ bá dé láàárọ̀ nìyí, tẹ́ ẹ bá jókòó ní kíṣìnnì tẹ́ ò sọ̀rọ̀?" Ká ní mi ò rí nǹkan mìíràn gbà nínú ẹ̀kọ́ náà, ìbéèrè ọmọ yẹn tó.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀, kòrónà dé. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Mo gba ìsinmi sáà kan kúrò nílé ìwé nítorí pé kò sí ohun tó kù lára mi tí mo lè fi kàwé. Nígbà tí mo padà, orí Zoom ni gbogbo wa wà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nípa bíbéèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe sùn. Ó ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ títí sáà náà fi parí.

Kíláàsì tó yí ọ̀nà mi padà jẹ́ ti ọdún 2021, a ti padà sí yàrá nígbà yẹn. Orí àwọ̀ ni ẹ̀kọ́ náà dá lé. Olùkọ́ méjì ló ń kọ́ wa pọ̀, ọ̀kan mọ kẹ́mísìrì, èkejì mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oníkẹ́mísìrì gbé ìgò ńlá kan wá, ó da àtíkè aró sí i, ó da sódà sí i àti nǹkan funfun kan, ó ru ú, ó sì ti owú funfun bọ̀ ọ́. Ó fa owú náà jáde. Àwọ̀ ewé.

Mo ti sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró. Á di búlúù." Ó sì di búlúù, lójú gbogbo wa. Olùkọ́ ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Omi ti dà lójú mi. Mo sọ fún wọn nípa ìkòkò méjì, nípa eérú, nípa ìka Ìyá Àgbà lórí ahọ́n. Olùkọ́ náà fa àga, ó jókòó. Ó ní kí n tún ti ahọ́n yẹn sọ.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Ó ní láti gba háídírójìn sára kó tó lè yòrò, inú omi tó ní álíkálì tó lágbára ló sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi eérú nìyẹn. Nínú ìkòkò tí wọ́n bò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣe iṣẹ́ tí nǹkan funfun inú ìgò yẹn ń ṣe. Tí aṣọ bá bọ́ sí ìta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba háídírójìn náà kúrò lára aró, á padà di búlúù, kò sì ní yòrò mọ́. Ahọ́n Ìyá Àgbà ló ń wọn agbára álíkálì náà.

Lítímọ́ọ̀sì. Ọdún 1985 tí wọ́n pín wa yẹn gan-an ni wọ́n fún wa ní bébà lítímọ́ọ̀sì, èyí tó ń fi ásíìdì àti álíkálì hàn, ní kíláàsì kẹ́mísìrì, ká tì í bọ omi ọṣẹ, ká tì í bọ omi òroǹbó, ká wò ó bó ṣe ń yí padà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín kíláàsì yẹn àti lẹ́yìnkùlé Ìyá Àgbà. Kò sí olùkọ́ kankan tó mú wa rìn ín. Ẹni tó wà ní sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú aṣọ, ẹni tó wà ní áàtì kò gbọdọ̀ mọ álíkálì, Ìyá Àgbà tí wọ́n mọ méjèèjì, tí wọ́n tún mọ ọjà, wọn ò kàwé. Mo dé inú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè wakọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí mo ṣe mú aró ṣe ìbéèrè mi nìyẹn. Gbogbo ibi tó bá ti kọjá ni mo ń bá a lọ. Adolf von Baeyer, ará Jámánì tó wádìí bí a ṣe lè fi kẹ́mísìrì ṣe aró, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Iléeṣẹ́ BASF ti ń tà á láti 1897. Aró oníkẹ́mísìrì inú agolo yẹn dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú sódà alágbára tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì, àwọn aláró sì gbà á, nítorí pé ó yá ju èlú àti eérú lọ. Òpìtàn Judith Byfield ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ wọn, mo kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ní sódà ń ba aṣọ jẹ́, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fòfin dè é. Àwọn aláró kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936.

Ẹ̀yìn àwọn aláró ni mo wà. Lóòótọ́, sódà tó bá pọ̀ jù, tí wọn ò sì ṣan dáadáa, lè jẹ òwú. Ṣùgbọ́n àkókò tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lágbàáyé ni, aṣọ ò tà, ẹni tó ní kí wọ́n padà sí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò bá wọn san gbèsè aṣọ funfun tí wọ́n gbà. Bí mo ṣe kọ ọ́ nínú iṣẹ́ mi nìyẹn.

Èmi àti Bàbá Ìbejì wakọ̀ lọ sí Charleston, ní South Carolina, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2022. Àwọn ìwé ìtàn máa ń sọ pé Eliza Lucas ló mú iṣẹ́ aró gbilẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1740 sí i. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gbin ewé náà, àwọn ló ń ru ú nínú ọpọ́n. Mi ò ní sọ pé Yorùbá ni wọ́n, mi ò ní ẹ̀rí. Mo kàn dúró níbẹ̀, mo ń ronú nípa ọwọ́ wọn. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúdú dé ìgúnpá títí wọ́n fi wọlẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtiṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, torí òun ni arábìnrin yẹn béèrè. Tó bá jẹ́ owó oṣù lẹ fẹ́ kó lé, ẹ má ṣe oyè yìí. Ẹ lọ ṣe ti nọ́ọ̀sì oníṣègùn (nurse practitioner), ìyẹn ló ń mówó wọlé. Ẹ má sì yáwó lé e lórí, ẹ jọ̀ọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti lé ní 45. Nígbà tí mo ń kàwé, òfin owó orí níbí gba iléeṣẹ́ láàyè láti san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, láìsí owó orí lórí rẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́kọ́ ní rárá, pé kò kan iṣẹ́ mi. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìkejì mo so ìwé bàbá oníkíndìnrín yẹn mọ́ ọn. Wọ́n gbà láti san ìdajì, mo fi iṣẹ́ àfikún san èyí tó kù. Ẹ béèrè, kí ẹ sì tún béèrè.

Ẹni tí mo fi ṣe olùkọ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò sí ní ilé ìwé kankan. Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ti lé ní 80, Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Àwọn ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà kí wọ́n tó lọ máa ta aṣọ ní ọjà Ìtòkú. Lórí WhatsApp, gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń pè wọ́n. Mo ń fi àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́, hàn wọ́n, wọ́n ń sọ orúkọ rẹ̀: Olókun, Ìbàdàndùn pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Mápó, Ọlọ́ba tí wọ́n ṣe nítorí àjọ̀dún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Tí mo bá béèrè ohun tó pọ̀ jù wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó tó. Ẹnu ń rẹ̀ mí."

Nígbà tí mo gba oyè tán, mo pè wọ́n. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, mo wá ń tú orí kẹta sí Yorùbá fún wọn bí mo ṣe ń kà á, ibi tí ìyá wọn wà. Mo kà á dé ibi tí Ìyá Àgbà ti tọ́ omi eérú wò, tí wọ́n dijú, tí wọ́n mirí.

"Dúró níbẹ̀," ni Ìyá Kékeré wí. "Wọ́n kì í mirí."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mà? Mo rántí pé wọ́n máa ń mirí."

"Ẹ̀yin ọmọdé lẹ rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tu èyí tó kù lẹ́nu dànù ni. Omi eérú tó bá ti tó, ó máa ń bó ahọ́n. Tá ni yóò gbé e mì?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mà. Wọ́n ti gbà á wọlé."

Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Nínú oṣù Kejìlá, wá sílé. Òòrùn á mú nígbà yẹn. Èlú ò wọ́n ní ọjà, mo mọ ẹni tó ń tà á. Mú aṣọ funfun dání, mú aṣọ tó ti gbó tó o máa wọ̀ sára. Má mú ìwé yẹn wá."

Bàbá Ìbejì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ni.